Sláìdì 47, àti ìbéèrè kan: mẹ́fà kí ni?

Òórùn bílíìsì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe òórùn tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Èyí ń ta ni lójú, ó ń gún ni nímú. Ìyá tó ń nu ilẹ̀ ti fi etí ìró wọn bo imú. Mo wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe po èyí?"

Wọ́n ní, "Bí ẹ ṣe kọ ọ́ sára ògiri lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà ni, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan sí mẹ́fà. Omi ọ̀kan, bílíìsì mẹ́fà." Wọ́n wò mí lójú díẹ̀, wọ́n tún ní, "Àbí mẹ́fà kí ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. "1:6" ni mo kọ sínú ọ̀kan nínú sláìdì 47 tí mo fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri láti kọ́ wọn. Inú tábìlì oní-ìlà méje ló wà, ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ kò ju 14 lọ, kò sì síbi tí mo ti sọ èwo ni omi, èwo ni bílíìsì. Lójú tèmi, ta ni kò mọ̀? Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń dá àwọn agbálẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ́ọ̀dù lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmọ́tótó. Ẹni tí ọ̀gá bá sọ fún lọ́jọ́ Fúráìdé pé "ẹ bá wa ṣe tiréènìn kékeré kan", tó wá ń ṣí PowerPoint lálẹ́ Sọ́ńdè láti ṣe sláìdì, ni mo ń kọ èyí fún.

Bí mo ṣe ṣe gbogbo sláìdì 47 ọ̀hún kò le rárá. Mo ṣí ìwé ìlànà ilé ìwòsàn, mo ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ sláìdì, ojú ewé kan ń di sláìdì méjì. Mo fi àwọ̀ búlúù sí ẹ̀yìn, mo kọ lẹ́tà yẹ́lò lé e, mo sì ní kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa fò wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Odidi alẹ́ kan ni mo fi wá bí ìlà yóò ṣe máa fò. Tábìlì tó ní "1:6" yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ mi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Mo wá dúró, mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Richard Mayer, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, ti ṣe ìwádìí lórí irú èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ojú bá ń ka ọ̀rọ̀ kan náà tí etí ń gbọ́, àwọn méjèèjì á máa du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tí ojú bá ń wo àwòrán, tí etí ń gbọ́ àlàyé, ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ń wọlé dáadáa. Mi ò tíì mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí n tó dé sláìdì 15, orí ti ń mì, èmi sì rò pé wọ́n ń gbà pẹ̀lú mi ni. Oorun ni.

Nígbà tí mo parí, mo bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé wa?" Gbogbo wọn ní, "Ó yé wa, mà." Inú mi dùn délé. Mo ti gbàgbé pé nílẹ̀ wa, ta ló máa dìde láàárín ọ̀pọ̀ èrò, tó máa sọ fún ẹni tó ń kọ́ ọ pé kò yé òun? Ìbéèrè tí ó ní èsì kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ọmọlúàbí kì í ṣe ìbéèrè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn, mo pa kọ̀ǹpútà tì. Mo mú ìwé àti bíírò, mo lọ jókòó ti ìyá yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, mo ń kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ o. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe: wọ ìbọ̀wọ́. Ṣí fèrèsé. Bu bílíìsì. Bu omi lé e. Fi nǹkan gbígbẹ fa ẹ̀jẹ̀ kúrò kí o tó da bílíìsì sí i. Dúró. Nù ún. Da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù. Mẹ́jọ péré ni. Mo wá gbé sláìdì 47 mi ka iwájú, mo ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: èwo nínú mẹ́jọ yìí lo ń ràn lọ́wọ́? Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ẹ̀ka ìmọ́tótó sílẹ̀ lọ. Orúkọ kòkòrò àìfojúrí mọ́kànlá lọ. Sláìdì "Ète Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kà náà lọ. Méjìlá ló kù.

Àwọn tó lọ yẹn kò ṣègbé. Ìwé la tẹ̀ wọ́n sí, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè mú un délé. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: a fẹ́ kí fáìlì kan ṣoṣo jẹ́ ìwé àkàsílé, kó tún jẹ́ ohun tí èrò ń wò lára ògiri. Iṣẹ́ méjèèjì kò bára mu. Sláìdì tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà yé láìsí olùkọ́, àfàìmọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ má pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ níbi tó le ju ilé ìwòsàn wa lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, nígbà tí Columbia, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfurufú, ń gbéra, fóòmù tó bo táǹkì epo rẹ̀ já, ó sì gbá ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi sláìdì ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá NASA, iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà. Kókó tó yẹ kó dẹ́rù bani jù, pé fóòmù náà tóbi fíìfíì ju èyí tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò rí lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, nínú lẹ́tà kéékèèké, lábẹ́ àkọlé tó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ọkọ̀ náà fọ́ sójú ọ̀run ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Sláìdì kọ́ ló fọ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ dárúkọ àṣà fífi sláìdì rọ́pò ìwé àlàyé gidi nínú àbọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìṣirò bílíìsì kò le: ẹ fi agbára tí ẹ ń fẹ́ pín agbára tó wà nínú ike, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò, iye ìwọ̀n omi tí ẹ máa fi sí ìwọ̀n bílíìsì kan nìyẹn. Bílíìsì tiwa jẹ́ 3.5%. Fún ẹ̀jẹ̀ a ń fẹ́ 0.5%: 3.5 pín sí 0.5 jẹ́ 7, yọ 1, ó ku 6. Fún ilẹ̀ lásán a ń fẹ́ 0.1%: 35, yọ 1, ó ku 34. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka ife omi 34 láàárọ̀ kùtù? Ìṣirò yẹn ti olùkọ́ ni, kò yẹ kó dé ara ògiri rárá. Mo jókòó tì í títí mo fi rí i pé tí a bá fa ìlà kan sára bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi líta 7, ìlà kan náà á ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Fún ẹ̀jẹ̀: bílíìsì líta 1, kí o bu omi dé ìlà. Fún ilẹ̀: bílíìsì mílílítà 200, kí o bu omi dé ìlà. Kò sí "ọ̀kan sí" kankan mọ́.

Sláìdì ti bílíìsì wá di méjì. Lórí èkíní, fọ́tò bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa tiwa gan-an, ọfà kan tó tọ́ka sí ìlà, àti "LÍTA 1" gàdàgbà. Lókè rẹ̀, gbólóhùn odindi: "Fún ẹ̀jẹ̀, bílíìsì líta 1, omi dé ìlà." Àkọlé mi tẹ́lẹ̀ ni "Ìpòpọ̀ Bílíìsì", èyí tí kò sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá ka àkọlé nìkan, tó sì padà sùn, kó ti rí nǹkan mú lọ.

Fọ́tò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ wá àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì: òyìnbó tó wọ aṣọ funfun, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníkẹ̀kẹ́ tí a kò ní. Ẹnì kan bi mí ìgbà wo ni wọ́n máa ra irú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fún àwọn. Bí a ṣe gbàgbé bílíìsì nìyẹn. Láti ìgbà náà, ohun èlò tiwa ni mò ń yà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ funfun lẹ́yìn rẹ̀, fóònù ní ìbú kó lè bá ìrísí sláìdì mu. Ẹ̀yìn èjìká ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń ya ọwọ́, n kì í dúró síwájú rẹ̀. Tí ẹ bá yà á láti iwájú, ọwọ́ ọ̀tún á bọ́ sí òsì lójú ẹni tó ń wò ó, á wá máa yí i padà lọ́kàn kó tó lè ṣe é. Tí fọ́tò bá ti pọ̀ nínú fáìlì, ẹ tẹ fọ́tò kan, ẹ lọ sí Picture Format, kí ẹ yan Compress Pictures ní 150 ppi fún gbogbo wọn. Ó tó fún ògiri, fáìlì yín kò sì ní wúwo jù fún WhatsApp.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe nínú fọ́tò tó ń dùn mí di òní. Mo fẹ́ kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe po bílíìsì mọ́ ọṣẹ ìfọ̀ṣàlàńgà tó ní ásíìdì, torí gáàsì kílórínì ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo ya ike méjèèjì papọ̀, mo fa àmì X pupa tẹ́ẹ́rẹ́ sí igun. Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí fọ́tò náà lórí WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó yà á kúrò lára ògiri kò mú igun yẹn. Ike méjì ló kù, wọ́n dúró ti ara wọn bí ọ̀rẹ́. Mo sáré pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, àmì X mi gba àárín fọ́tò kọjá láti igun dé igun, ó nípọn débi pé kò ṣe é gé sọnù, ohun tó tọ́ ni mo sì ń fi hàn kí n tó fi èyí tó léwu hàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti lẹ́tà. Mi ò ń lo lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí 32 mọ́. Àkọlé ń jẹ́ 44, iye tó ṣe pàtàkì lè tó 96. Ṣùgbọ́n yàrá ló ń sọ òótọ́. Ẹ wọn ìbú àwòrán tó hàn lára ògiri, kí ẹ wọn ibi tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn jù wà. Tiwa jẹ́ mítà 2, ẹni ẹ̀yìn sì wà ní mítà 8, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Ojú láàpútọ́ọ̀pù mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34, nítorí náà mo ń fi sẹ̀ǹtímítà 136 jìnnà sí i nílé, mo sì ń kà á láti ibẹ̀. Ohun tí mi ò bá lè kà nílé, wọn ò ní lè kà á níbẹ̀.

Búlúù àti yẹ́lò tó rẹwà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi, eérú lásán ló dà lára ògiri. Projẹ́tọ̀ kò lè tan òkùnkùn: dúdú rẹ̀ ni àwọ̀ tí ògiri ní tẹ́lẹ̀. Tí oòrùn bá ń wọ yàrá, dúdú á di eérú, lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ á sì pòórá. Ẹ̀yìn funfun àti lẹ́tà dúdú ni mò ń lò nínú yàrá tí a kò lè fi kọ́tìnì dí. Pupa àti àwọ̀ ewé ńkọ́? Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kò yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kì í sì í sọ. Mo ń lo pupa fún ẹ̀jẹ̀ àti búlúù fún ilẹ̀, mo sì tún ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí i.

Èdè ńkọ́? Òyìnbó ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́, ìtìjú ni kí n máa sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo yí i sí Yorùbá, n kò fi àmì sí i. "Fo owo re kinni" ni mo kọ. Arákùnrin kan ka "fọ owó rẹ", gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní ọwọ̀ ni, ìgbálẹ̀ tí òun fi ń gbálẹ̀, torí ìyẹn náà ń fẹ́ fífọ̀. Ọwọ́ ni mo ní lọ́kàn. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà yàrá ìpàdé, àmì wá fò kúrò lórí lẹ́tà, àwọn ibòmíràn di àpótí òfìfo. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹ́ tàbí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ ni, àmì sì ń gùn ún lórí lọ́tọ̀, fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi kọ ọ́, ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e sí. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n. Lórí Windows, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ fi àmì sí Embed fonts in the file, kí fọ́ńtì lè bá fáìlì rìn. Ẹ tún gbé e jáde bíi PDF, PDF kì í da àmì sílẹ̀. Ẹ sì fi àyè sáàárín ìlà, bíi 1.2, kí àmì òkè má baà gún ìdí lẹ́tà tó wà lókè rẹ̀.

Torí PDF yẹn ni mo ṣe jáwọ́ nínú ìlà tó ń fò. PDF kì í gbé e, gbogbo nǹkan á hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá fẹ́ kí ìgbésẹ̀ máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣe ẹ̀dà sláìdì náà, Ctrl àti D, mo ń fi ohun kan kún ẹ̀dà tuntun. Sláìdì mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn á dà bí ọ̀kan tó ń dàgbà, kò sì sí ẹ̀rọ tí kò lè gbé e.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bọ́tìnì B ló wúlò fún mi jù. Bí sláìdì bá ń hàn, ẹ tẹ B, ògiri á ṣú, ojú gbogbo ènìyàn á padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó dé. Tí ẹ bá fẹ́ padà sí sláìdì 4, ẹ tẹ 4, kí ẹ tẹ Enter, ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn lójú èrò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ Windows àti P, kí ẹ mọ̀ bóyá Duplicate ni (ohun kan náà ló hàn lójú kọ̀ǹpútà àti lára ògiri) tàbí Extend (ọ̀tọ̀ ni ti ara ògiri). Mo ti fi àkọsílẹ̀ tí mo kọ fún ara mi hàn lára ògiri rí: "Ẹ̀ka kejì ló ń dọ̀tí jù, bá wọn wí." Ẹ̀ka kejì ló jókòó síwájú.

Iná ńkọ́? NEPA ò ní dúró de sláìdì yín. Tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé iná padà, projẹ́tọ̀ oní-gílóòbù kì í tàn kíá. Gílóòbù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù ná. Mo ti tẹ sláìdì méjèèjìlá sórí ìwé A3, mo fi rọ́bà bò wọ́n. Nígbà tí iná lọ, mo gbé wọn sókè lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò dúró.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, sláìdì kan wà tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀ ju "Ó kàn yín" lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, omi lásán ló wà nínú ike bílíìsì. Mi ò béèrè bóyá ó yé wọn mọ́. "Ẹ bá mi pò ó kí n rí i" ni mò ń sọ, mo sì ń dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn le o. Ọwọ́ mi máa ń yún mi kí n gba ife lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣì í, ṣùgbọ́n tí mo bá gbà á, mi ò ní mọ sláìdì tó ṣì wọ́n lọ́nà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé sláìdì "Dúró ìṣẹ́jú 10" mi kò sọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí kà. Àwọn kan ń kà á láti ìgbà tí wọ́n po bílíìsì. Mo yí i sí: "Da bílíìsì síbi tí o ti fa ẹ̀jẹ̀ kúrò. Wo aago. Dúró ìṣẹ́jú 10."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo yí wọ́ọ̀dù ká, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ iṣẹ́ mẹ́jọ yẹn sí. Ìyá ti ọjọ́sí ti fi màkà fa ìlà sára bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn méjèèjì, wọ́n lẹ téèpù pupa mọ́ ọ̀kan, búlúù mọ́ èkejì, wọ́n sì ti gé ike omi kan síbi mílílítà 200, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù. Ìlà yẹn ni mo lọ fà sára gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílé ìwòsàn. Mo padà dé ọ́fíìsì, mo ṣí fáìlì, mo sì pa sláìdì méjì rẹ́.